Wọ́n kọ “Howell-Jolly bodies” sínú èsì ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Kí ni ó jẹ́ gan-an?

Aduke_Ganmo | Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, SS (àìsàn sickle cell) ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún, ara rẹ̀ sì ń gbóná díẹ̀díẹ̀, la bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí wa. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, ara ti ń fúyẹ́ báyìí. Ìwé èsì tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ló ń dà mí láàmú. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyí:

“PCV 23%. MP: not seen. Film: sickled cells ++, target cells ++, nucleated RBC seen, polychromasia. Howell-Jolly bodies ++.”

Mo mọ PCV (ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀), mo mọ MP (àyẹ̀wò kòkòrò ibà). Howell-Jolly yìí ni mi ò gbọ́ rí. Ẹni tó fún mi ní ìwé ní kí n dúró de dókítà, dókítà sì ti lọ sílé. Alábàágbé wa kan ní kòkòrò ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, èkejì ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Màmá wa ò fojú ba oorun lánàá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ là wá lọ́yẹ̀.

AgboDara_Ipata | 7:58 àárọ̀

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kòkòrò ni. Òyìnbó kàn fún un lórúkọ gbọọrọ ni. Àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìgò kan péré, ẹ ó sì dúpẹ́. Ẹ wọlé sí ìnbọ́ọ̀sì.

BaSilaidi | 8:31 àárọ̀

Àdùkẹ́, ẹ sọ fún màmá kí wọ́n lọ sùn. Kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe ní Ìlọrin yìí, ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ ni mo wà, ohun tí à ń rí lára àwọn ọmọ SS lójoojúmọ́ ni.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, ó ní nucleus, ibi tí DNA ń gbé. Kó tó jáde sínú iṣan, á ti nucleus yẹn síta, ìdí sì nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì pupa tó dàgbà kì í fi ní in. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èérún DNA kan á ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Èérún yẹn ni Howell-Jolly: róbótó kékeré kan, aláwọ̀ àlùkò tó ń dúdú lọ, etí rẹ̀ mọ́ kedere, ó sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ó sì máa ń sún sí ẹ̀gbẹ́. Howell jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Jolly jẹ́ ará Faransé, àwọn ni wọ́n fi sọrí. Kò sí ohun tó ń mí nínú rẹ̀.

Ara èmi náà ń ṣe sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ́ kí á rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mi ni ọlọ inú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ń ṣa èérún yẹn kúrò bí ìyá ṣe ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, á sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ máa bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a bá rí Howell-Jolly rẹpẹtẹ nínú fíìmù (ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ sórí sílàìdì), ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ọlọ inú ẹni yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. A tún máa ń rí i lára ẹni tí fólétì tàbí fítámì B12 kò tó lára rẹ̀, nítorí mùdùnmúdùn kì í lè parí iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Àmọ́ ti àbúrò yín kò fara sin rárá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì SS tó ti tẹ̀ kọdọrọ ń dí iṣan tíńtín inú ọlọ, ibẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ láti kékeré, ọ̀pọ̀ ọmọ SS ni iṣẹ́ ọlọ inú wọn sì ti tán kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ọmọ ọdún 14 ni tiyín. Èsì yìí kò bá a dá àìsàn tuntun kankan sílẹ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ ló ń sọ.

Target cells náà, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí àmì róbótó wà láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nucleated RBC (sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣì ní nucleus) àti polychromasia (sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ tó ń ṣe búlúù díẹ̀) ń sọ pé mùdùnmúdùn ń sáré ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun láti dí èyí tó ń fọ́. PCV 23, ẹ fi wé iye tó máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé láàárín 20 sí 30 láìsí wàhálà.

Ìbínú mi kan ni pé láàbù tó kọ orúkọ yẹn láì fi gbólóhùn kan kún un pé “ọlọ inú kò ṣiṣẹ́” ti ṣe iṣẹ́ dé ìdajì ni. Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún?

Aduke_Ganmo | 8:50 àárọ̀

Ọlọ́run á bù kún yín, sà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí. Wọ́n ní ṣé kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe sí i, nígbà tí kì í ti í ṣe àìsàn?

BaSilaidi | 9:15 àárọ̀

Ó wà o, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ìwé yẹn. Iṣẹ́ ọlọ inú kò mọ sórí ṣíṣa èérún. Òun ló ń bá wa mú àwọn bakitéríà kan tó ní àwọ̀ líle lára, pneumococcus ni olórí wọn, èyí tó ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Ẹni tí kò ní ọlọ tó ń ṣiṣẹ́, bí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè ti ara ibà lásán dé ojú ikú láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ máa fi tẹmómítà wọn ara rẹ̀. Bó bá ti tó 38.5, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, kódà kó jẹ́ òru. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì kọ́kọ́ lọ ra oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì.

Noosi_OkeOyi | 9:40 àárọ̀

Mo tì yín lẹ́yìn. Àdùkẹ́, ẹ wá káàdì àjẹsára rẹ̀. Ìparí ọdún 2014 ni abẹ́rẹ́ pneumococcus bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ètò àjẹsára ọmọ tuntun ní Nàìjíríà, kò sì dé ibi gbogbo lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ SS tó ti dàgbà díẹ̀ ni wọn ò gbà á, tàbí tí wọ́n gbà á tí kò pé. Oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, ẹ béèrè méjèèjì lọ́dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀. Ẹ béèrè ti meningococcus pẹ̀lú. Àwọn ọmọ SS tún máa ń lo pẹnisílì lójoojúmọ́ láti kékeré, ó kéré tán títí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún. Àwọn dókítà kan ń bá a lọ jù bẹ́ẹ̀, ẹ bi tiyín.

AgboDara_Ipata | 9:52 àárọ̀

Abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́. Ṣé àwọn baba wa kò bí SS ni?

Alfa_Gambari | 10:03 àárọ̀

Wọ́n bí wọn, wọ́n sì ń sin wọ́n. Àbíkú ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ fi ìnbọ́ọ̀sì yín sílẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ là ń sọ.

OmoIyeru_Offa | 11:20 àárọ̀

Alfa ti parí ìyẹn. Ẹ̀yin ará láàbù, nígbà tí ẹ ti gbára jọ síbí, ẹ dá èmi náà lóhùn. Kí ló dé tí MP mi kì í ṣaláì jẹ́ plus? Bí ara bá ń ro mí, plus. Bí ara ò bá ro mí, plus. Ìyàwó mi ṣe tiẹ̀ nínú oyún, plus. Èmi ti gbà pé àwọn kan kì í wo nǹkan kan, wọ́n kàn ń kọ ọ́ ni.

Folake_OmuAran | 12:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín mú o. A ń wò ó! Láàbù lèmi náà wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí nínú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju kòkòrò ibà lọ, ẹni tí iṣẹ́ bá sì pọ̀ níwájú rẹ̀ lè pe gbogbo rẹ̀ ní ibà.

Falciparum ló pọ̀ jù nínú kòkòrò ibà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó ṣì kéré nínú sẹ́ẹ̀lì, òrùka tín-ín-rín ni: búlúù yí po, àárín ṣófo, àmì pupa kan tàbí méjì wà lórí òrùka náà. Búlúù àti pupa gbọ́dọ̀ pé kí n tó pè é ní ibà. Howell-Jolly ò ní búlúù, ò ní òrùka, àmì róbótó nìkan ló ní. Èyí tó ń tan àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ jẹ jù ni platelet, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó bá jókòó lé sẹ́ẹ̀lì lórí. Òun náà ń ṣe àlùkò, ó ń dà bí ẹni pé inú sẹ́ẹ̀lì ló wà. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ibi funfun tó yí i ká. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì síwá sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó rí i pé nígbà tí platelet bá mọ́ kedere, sẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ á ṣú. Kòkòrò ibà àti sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú rẹ̀ máa ń mọ́ pọ̀ ni. Ìdọ̀tí àwọ̀ ní tirẹ̀, ẹ ó bá a níbi tí sẹ́ẹ̀lì kò tilẹ̀ sí.

BaSilaidi | 12:32 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí Fọlákẹ́ fọwọ́ bà yẹn, ibẹ̀ ni ìdààmú pọ̀ sí. A máa ń fi bọ́fà (omi tí pH rẹ̀, ìwọ̀n kíkan rẹ̀, kì í yí padà) po Leishman, àwọ̀ tí a fi ń kun sílàìdì: pH 7.2 bó bá jẹ́ ibà là ń wá, 6.8 bó bá jẹ́ ìrísí sẹ́ẹ̀lì là ń wò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi omi bóhòòlù pò ó bẹ́ẹ̀. Gbogbo fíìmù á búlúù tàbí kó pọ́n kọjá ààlà, àmì pupa tí Fọlákẹ́ ń wí á sì fara sin. Igò àwọ̀ tí wọn kò sẹ́, tó ti dì sí ìsàlẹ̀, náà wà níbẹ̀. Ẹ wá fi eruku ọyẹ́ oṣù January kún un, lásìkò tí fèrèsé láàbù ṣí sílẹ̀ nítorí pé iná ò sí. Irú sílàìdì bẹ́ẹ̀ á fún èèyàn ní plus bó ṣe fẹ́.

Ṣùgbọ́n ará Ọ̀fà, n ò ní gbà fún yín pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ wá láti kékeré, àgbàlagbà lè gbé kòkòrò ibà díẹ̀ kiri láì ṣàìsàn. Plus yẹn lè jẹ́ òótọ́, kí ohun tó ń ṣe yín sì jẹ́ nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gún ní ìka: ó lè máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán, nítorí èròjà tí kòkòrò fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú. Ìgbà mìíràn tí ẹ bá lọ, ẹ má gba plus lásán. Ẹ ní kí wọ́n kọ irú kòkòrò, ìpele tó wà, àti iye rẹ̀ nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹni tó ní láti kà á kò ní lè méfò. Ti ìyàwó yín nínú oyún ní tiẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó, ibà inú oyún ń ṣe ìyá àti ọmọ níbi.

OmoIyeru_Offa | 12:41 ọ̀sán

Iye nínú máíkírólítà. Wọ́n á lé mi jáde ni.

IyaAlate_OjaOba | 2:10 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Làálì àti tìróò ni mo ń tà. Oníbàárà mi kan wá bá mi, ó fajú ro, ó ní wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun tí kò tíì pé ọdún méjì, wọ́n rí “stippling” nínú rẹ̀, dókítà wá ń bi òun bóyá òun ń lé tìróò fún ọmọ. Inú bí mi. Ìyá mi lé e fún mi, èmi náà lé e fún àwọn ọmọ mi, gbogbo wọn ló kàwé. Kí ló kan tìróò nínú ẹ̀jẹ̀?

BaSilaidi | 2:48 ọ̀sán

Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ má bínú sí dókítà yẹn, ìbéèrè tó yẹ ló béèrè.

Stippling ni kí á rí àmì búlúù kéékèèké tó fọ́n káàkiri gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ribosome ni, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe èròjà rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, pẹ̀lú RNA inú rẹ̀. Ó yẹ kí ara tú u palẹ̀ kó tó dàgbà. Òjé máa ń dí ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara) tó ń ṣe iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ yẹn lọ́wọ́, àwọn èérún náà á wá gbá jọ, wọ́n á hàn ketekete lábẹ́ máíkíróskóòpù. Òjé náà ló tún ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe hemoglóbíìnì, ohun pupa inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara.

Òkúta tó ń dán tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe ọ̀pọ̀ tìróò, galena ni. Òjé àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta yẹn. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n wá ilé títí, tìróò tí wọ́n mú láti ilé wá ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òjé inú rẹ̀ lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọmọdé á fọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ bọ ẹnu, ọ̀nà tó ń gbà wọlé nìyẹn. Ẹ ó sì rántí Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú láàárín abúlé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló kú.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún oníbàárà yín kó má tíì sunkún. Stippling nìkan kò tó láti dá ẹjọ́ òjé. A ń rí i nínú thalassaemia (àìsàn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ara ṣe hemoglóbíìnì tó), a ń rí i lára ẹni tí fólétì tàbí B12 kò tó fún, àti lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ tí ara sì ń sáré ṣe òmíràn. Òjé sì lè wà lára ọmọ kí stippling má sí rárá. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wọn òjé inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni kó ní kí wọ́n ṣe. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ní ẹ̀rọ rẹ̀, dókítà á júwe ibi tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí. Kó tó dìgbà náà, kó má lé tìróò fún ọmọ mọ́.

IyaAlate_OjaOba | 3:05 ọ̀sán

Ẹ fẹ́ kí n kó ọjà mi dà sí kòtò nìyẹn? Tìróò mi kì í ṣe ayédèrú.

BaSilaidi | 3:17 ọ̀sán

Ìyá, èyí tí kì í ṣe ayédèrú yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Àwọn kan wà tí kì í ṣe òkúta yìí, àmọ́ ojú lásán kò lè yà wọ́n. Èmi ò ní lé e fún ọmọ mi. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́, ẹ má tà á fún un.

Noosi_OkeOyi | 4:22 ìrọ̀lẹ́

Nígbà tí a ti dé orí ohun tí à ń lò nílé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti káńfọ̀, nítorí ó ti sú mi láti máa rí i. Àwọn róbótó funfun tí à ń kó sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ìyá á kó aṣọ ọmọ pamọ́ látìgbà tó ti lóyún, á kó káńfọ̀ sí i. Ọjọ́ ìkómọ yóò kù díẹ̀, á fa aṣọ jáde, á wọ̀ ọ́ fún ọmọ láì fọ̀ ọ́, á sì fi ṣọ́ọ̀lù tó ń rùn ṣììṣì wé e. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú ọmọ ti pọ́n rúsúrúsú, kò fa ọmú mọ́, ó ń sùn ṣáá. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé e sí oòrùn àárọ̀. Nígbà tí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó mú ojú ọmọ pọ́n yẹn ti ń wọ ọpọlọ.

BàbáSílàìdì, ẹ bá mi ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ.

BaSilaidi | 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. G6PD ni ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa lọ́wọ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa ni tiwọn kò tó, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, nítorí orí kromosóòmù X ló wà, ẹyọ kan ni ọkùnrin sì ní. Bí káńfọ̀ tó jẹ́ naphthalene bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí àgbàlagbà lo oògùn bíi primaquine, dapsone, tàbí àwọn oògùn sulfa kan, hemoglóbíìnì inú sẹ́ẹ̀lì á bàjẹ́, á dì, á lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì látinú. Ohun tó dì yẹn ni Heinz bodies, láti 1890 ni Heinz ará Jámánì ti ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọlọ inú á fẹ́ yọ ọ́, á sì bu ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Ìdí tí a fi ń rí sẹ́ẹ̀lì tí etí rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ìyókù á fọ́, ìtọ̀ àgbàlagbà á dúdú bíi kóòkì, ojú á pọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gan-an máa ń gbàgbé ni pé Heinz kì í hàn nínú fíìmù Leishman tí à ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ lè wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. A gbọ́dọ̀ po ẹ̀jẹ̀ tútù pọ̀ mọ́ methyl violet tàbí brilliant cresyl blue kó tó yọ. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sínú ìwé pé Heinz lẹ ń wá, a ò ní wá a. Ẹ má sì ṣe àyẹ̀wò G6PD fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà tí ẹ́ńsáìmù wọn ti tán ló kọ́kọ́ fọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó kù ṣì ní díẹ̀ lára, èsì á sì sọ pé kò sí nǹkan. Ẹ dúró tó bí oṣù mẹ́ta.

Kamal_200L | 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdánwò wa kù sí dẹ̀dẹ̀. Cabot ring àti Pappenheimer, àwọn ohun mìíràn tí à ń rí nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ńkọ́?

Folake_OmuAran | 7:02 alẹ́

Kamal, a mọ̀ pé o máa dé. Cabot: òkùn tín-ín-rín aláwọ̀ pupa-àlùkò, ó lè ká bí òrùka tàbí kó lọ́ bí nọ́ńbà 8. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ara ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín ara rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. À ń rí i nínú àìtó B12 tàbí fólétì, àti òjé. Kò wọ́pọ̀, má fi gbogbo òru kà á. Pappenheimer: irin ni, hóró kéékèèké tó gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ stippling lójú rẹ, lo Perls, àwọ̀ tó ń fi irin hàn: Pappenheimer á di búlúù, stippling kò ní dáhùn. Ka HbH (irú hemoglóbíìnì kan tí kò pé) nínú alpha thalassaemia kún un, brilliant cresyl blue ló ń fi í hàn.

Aduke_Ganmo | 8:15 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ irin tí wọ́n mẹ́nu bà yìí ló ní kí n béèrè. Nítorí PCV 23, bàbá wa ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò méjì, irin ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kí ó máa lò ó? Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ju ìgbà kan lọ tẹ́lẹ̀ o.

BaSilaidi | 8:37 alẹ́

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ẹ̀jẹ̀ SS kì í dín kù nítorí pé irin kò sí, ó ń dín kù nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ń tètè fọ́, irin inú èyí tó fọ́ kì í sì í jáde kúrò lára. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí i lára náà ń gbé irin wá, kò sì sí ọ̀nà tí ara fi ń dà á nù. Ó ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn. Folic acid ló nílò lójoojúmọ́, nítorí mùdùnmúdùn ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Bí dókítà bá fura pé irin kò tó lára rẹ̀, wọ́n á ṣe ferritin, àyẹ̀wò tó ń fi iye irin tí ara kó pamọ́ hàn, kí wọ́n tó fún un. Bàbá lè dá ìgò yẹn padà bí wọn ò bá tíì ṣí i.

Aduke_Ganmo | 8:52 alẹ́

Wọn ti ṣí ọ̀kan. A ó rí ọjọ́bọ̀ gbà ní kíníìkì dókítà ẹ̀jẹ̀. Ṣé mo lè ní kí wọ́n fún mi ní sílàìdì yẹn láti mú lọ, àbí kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ míràn?

BaSilaidi | 9:04 alẹ́

Ẹ béèrè rẹ̀. Sílàìdì tí wọ́n ti kùn, tó gbẹ, tí wọ́n nu òróró orí rẹ̀ kúrò, kì í bàjẹ́ kíákíá, dókítà ẹ̀jẹ̀ lè fẹ́ fojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ rí i pé orúkọ ọmọ, nọ́ńbà láàbù àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀, kí ẹ fi pépà wé e kó má fọ́ lọ́nà. Wọ́n ṣì lè fa òmíràn, ẹ má janpata. Ẹ mú káàdì àjẹsára tí nọ́ọ̀sì sọ, àti ìwé gbogbo ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹ tètè jí, èrò ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀.